Ìràwọ̀ tí Múdàṣírù Rí ní Ìfọ̀

Múdàṣírù Láwàl nìkan ló ní awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà ní Ìfọ̀. Ọkùnrin kan tó ń wọn ilẹ̀ ló tà á fún un lọ́dún 1958. Láti ọjọ́ náà ni ọrùn Múdàṣírù kò ti wálẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà mọ́sálásí ń wá ẹni tí wọn yóò fi jẹ Bàbá Àdínì. Múdàṣírù fẹ́ oyè náà bí ológbò ṣe ń fẹ́ ẹja. Ó ti ra láwàní pamọ́.

Tíṣà kan ló ka ìwé ìròyìn sí i létí: ìtànṣán kan wà tó ń jẹ́ gámà, ó ń ti ẹ̀yìn ìràwọ̀ wá. Ojú kò lè rí i. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kó délẹ̀, àfi kí wọ́n gbé awò kọjá afẹ́fẹ́.

"Afẹ́fẹ́ tiwọn nìyẹn," ni Múdàṣírù wí. "Ti Ìfọ̀ kò dí mi lójú. Mo ti rí i. Pupa ni. Bó bá wù ú, a di àwọ̀ ewé."

Ó sọ ara rẹ̀ ní Aríran-jòyìnbó. Bí o bá kí i, a ní: "Ojú tó ti rí ọ̀run kì í mọ ẹ̀bà mọ́." Àwo ẹ̀bà méjì ló sì ń jẹ láràárọ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn àgbà yóò fẹnu kò, ó wé láwàní náà wá sí iwájú mọ́sálásí. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbà, ó jókòó, ó na awò gba àárín ewé máńgòrò.

Lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Sùbúhánálláhì! Pupa lóòótọ́!"

"Ẹ ò tíì rí nǹkan, Ààfáà. Èmi nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀."

Bùrẹ́ímọ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, náà wò ó. Ó pẹ́ nídìí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní ó máa ń di àwọ̀ ewé?"

"Bó bá wù ú."

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Ó máa tó wù ú."

Lèmọ́mù tún bẹ̀rẹ̀. "Ó ti yí! Àwọ̀ ewé ni!"

"Ta ló tún kù tó ń du Bàbá Àdínì?" ni Múdàṣírù kígbe.

Ọkọ̀ ojú irin Ìdógò ló dá a lóhùn. Ó fọn fèrè, ilẹ̀ mì, ó kọjá. Ìràwọ̀ padà di pupa.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí. "Iná síginà ọkọ̀ ojú irin wa ni. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo bu kẹrosíìnì sí i."

Ìbíwùnmí, ìyàwó Múdàṣírù, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo iwájú mọ́sálásí sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Lèmọ́mù nu omi ojú. "Alàgbà, ẹ̀yin lẹ kúkú ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ bá wa bi í: ìgbà wo lọkọ̀ Ìbàdàn ń bọ̀?"

Múdàṣírù tú láwàní orí rẹ̀. Ó fi wé awò náà, ó dìde, ó lọ.