Òkú Ìbọn Tó Pa Àkùkọ Dosu

Ọjọ́ tí ìròyìn dé pé ìjọba ní kí gbogbo ìbọn tí kò níwèé àṣẹ wọlé sọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀ ní Àgbádárìgì kí oṣù tuntun tó lé, Ọ̀ṣuntóyìn gbé ṣakabùlà Abọ́dúnrìn, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó fi aṣọ funfun wé e, ó sì sin ín sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ sàréè ọkọ náà lẹ́yìn ilé. Ìsìnkú yẹn ló bí ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá.

Ààfin náà kò ju ilé olórùlé ewé àgbọn lọ, ní abúlé etí ọ̀sà kan tí kò jìnnà sí Iworo. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ Adédìran ní ààfin ni, ta ni yóò sì bá a jiyàn?

Dosu apẹja, aládùúgbò opó náà, ló pẹjọ́. Bó ti lanu báyìí, adìyẹ sá kúrò ní àgbàlá.

"Baálẹ̀, kí ẹ̀mí yín gùn! Òkú ìbọn yìn mí!"

"Rọra, Dosu. Etí mi kò sí ní ìlú Kankon lọ́hùn-ún."

"Ìbọn tí obìnrin yìí sin ló pa àkùkọ mi! Ó tún lu ṣòkòtò mi tí mo sá sórí okùn. Ẹ wo ihò!"

Ìgè, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀, tẹjú mọ́ ṣòkòtò náà. "Ṣé kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà jáde nìyẹn?"

"Baba, ìdí rẹ̀ nìyí!"

"Ó dáa," ni Baálẹ̀ wí. "Kí lo wá fẹ́?"

"Kí ẹ hú u! Kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yẹn títí dé ibi tí ọkọ rẹ̀ sùn sí. Ta ló mọ iye ìbọn tí ọkùnrin yẹn gbé dání lọ sọ́run?"

Ọ̀ṣuntóyìn di etí ìró rẹ̀ mú. Ohun kan ṣoṣo tó ti ń bẹ̀rù láti àárọ̀ nìyẹn: kí ọkọ́ má lọ kan egungun Abọ́dúnrìn.

"Ọ̀ṣuntóyìn, ṣé o gbọ́ òfin ìjọba?"

"Mo gbọ́, Baálẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ìbọn gbé e wá. Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ẹni tó ni ín ti kú, mo sì gbé e fún un."

"Ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"N kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣé a máa ń yẹ inú òkú wò kí a tó sin ín ni?"

Àwọn ìgbìmọ̀ wo ojú ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ ọgbọ́n.

"Òkú tó wà lábẹ́ ilẹ̀, báwo ló ṣe rí ẹnu fọhùn?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Mo yọ ẹnu rẹ̀ síta díẹ̀."

"Ẹ gbọ́!" Dosu fò sókè. "Ó sin òkú, ó fi ẹnu òkú síta! Kí ó lè máa mí, àbí?"

"Ó nídìí," ni Ọ̀ṣuntóyìn wí.

Wọ́n pe Sagbo, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, kó wá jẹ́rìí.

"Mawu, Ọlọ́run wa, gbọ́ mi, ìró méjì ni. Gbòlà! Gbòlà! Èkejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ."

"Irọ́ ni!" Jẹ̀mílátù ìyàwó Dosu ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹyọ kan ni ìbọn dún. Èkejì yẹn, ọkọ mi ló ké."

"Àkùkọ náà dà?"

"A ti jẹ ẹ́, Baálẹ̀."

"Ẹ ti jẹ ẹ̀rí. Ó dùn?"

"Ọta pọ̀ nínú rẹ̀."

"Ta ló wá yin ìbọn yìí gan-an?"

"Iná ni," ni Jẹ̀mílátù wí. "Ọkọ mi rí irin tó yọrí nílẹ̀, ó ní Ọlọ́run ti fún òun ní ẹsẹ̀ ààrò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbé àtẹ ẹja lé e, ó dáná sábẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Ìwọ obìnrin yìí!" Dosu ké. "Ẹ̀yìn ta lo wà?"

"Ẹ̀yìn ẹja ni mo wà. Gbogbo rẹ̀ ló jóná."

"Dosu," ni Baálẹ̀ wí, "lórí ilẹ̀ opó? Lẹ́sẹ̀ sàréè?"

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ló rọ̀," ni Dosu wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Ògúnṣẹ̀yẹ, àgbà ìgbìmọ̀, wúkọ́. "Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àìtó ìbọn ló fa èyí. Bí àkùkọ yẹn bá ní ìbọn tirẹ̀, ṣé ó máa kú báyìí?"

"Kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ ni!" Ìgè fèsì. "Ìbọn, àdá, àjẹ̀, ọmọ odó!"

"Ọmọ odó kẹ̀? Kí la ó fi gúnyán?"

"Òun ni ìyàwó mi fi lé mi kiri lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ṣé kí ìjọba gba ìyàwó náà ni?"

"N kò ní ráhùn, bí wọ́n bá máa fún mi níwèé."

"Ìgè, ìbọn kì í yin ara rẹ̀. Èèyàn ní ń yìn ín."

"Èyí yin ara rẹ̀!"

Baálẹ̀ fọwọ́ lu ilẹ̀. "Ẹ pa ẹnu mọ́! Ọ̀ṣuntóyìn, ìdí wo lo fi yọ ẹnu ìbọn síta?"

Ọ̀ṣuntóyìn ju etí ìró rẹ̀ sílẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ mọ iṣẹ́ tí ìbọn yẹn ń ṣe. Bí kùrukùru bá bo ọ̀sà, Abọ́dúnrìn a máa yìn ín ní èbúté, kí àwọn tó wà lójú omi lè mọ̀nà ilé. Dosu náà ti tẹ̀lé ìró rẹ̀ wálé rí. Ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ wá wà lójú omi, kò sẹ́ni tó yìn ín. Èmi wà nílé. Ìbọn wà lára ògiri. Wọ́n ní obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn ọdẹ. Mo dúró, mo ń wò ó títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, tí wọ́n fi gbé òkú ọkọ mi dé. Mo yọ ẹnu rẹ̀ síta, bóyá ó ṣì máa fẹ́ pe ẹnì kan wálé."

Dosu ká ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá.

Baálẹ̀ nu ojú, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná ní ààfin. Ó dájọ́.

"Kí akọ̀wé kọ̀wé sí ajẹ́lẹ̀ pé ìbọn tó kù ní abúlé yìí ti kú, a ti sin ín, kí ó bá wa kẹ́dùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú òkú. Ẹ bo ẹnu rẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Dosu, ìwọ lo fi ìbọn abúlé dáná. Sagbo sì ti jẹ́rìí pé ohùn rẹ ga jù ú lọ. Nítorí náà, láti òní lọ, ìwọ ni ìbọn. Bí kùrukùru bá bo ọ̀sà, èbúté ni o ó dúró sí, o ó máa dún títí ọkọ̀ ìkẹyìn yóò fi gúnlẹ̀."

"Ìwé àṣẹ rẹ̀ ńkọ́?" ni Ìgè bi í.

"Bí ajẹ́lẹ̀ bá béèrè, kí ó wá yẹ ẹnu rẹ̀ wò."

"Baálẹ̀, kí ni n ó máa wí níbẹ̀?"

"Ìgbà wo ni ìbọn ti ń béèrè ohun tí yóò wí?"

Láàárọ̀ yìí, ọyẹ́ mú, kùrukùru sì bo ọ̀sà débi pé èèyàn kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Dosu ti dé èbúté, ó ti lẹ ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ké "Gbòlà!" lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láti ojú omi. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó rí Ọ̀ṣuntóyìn tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

Dosu gbé ojú rẹ̀ padà sí ọ̀sà. Ó fa èémí sínú.

"Abọ́dúnrìn o!" ni ó ké. "Abọ́dúnrìn o-o-o!"

"Ooo!" ni àwọn apẹja dáhùn láti inú kùrukùru funfun náà. "À ń bọ̀ o!" Ìró àjẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ tòsí.

Ọ̀ṣuntóyìn dúró tì í. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì pe orúkọ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú.