Ohun Tí Àwọn Òpìpì Ibíyẹmí Ń Jẹ

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń pa á lówe pé kí àgbàdo tó dáyé, nǹkan kan ni adìẹ ń jẹ? Ṣé ẹ tilẹ̀ bi ara yín rí pé kí ló dé tí wọn kò dárúkọ nǹkan náà? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àánú ló mú wọn dákẹ́.

Obìnrin kan wà ní yunifásítì kan, Ọ̀mọ̀wé Ibíyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ ohun ọ̀sìn ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ kú, kò ní ilẹ̀, kò ní wúrà. Adìẹ òpìpì mélòó kan ló fi lé e lọ́wọ́, àwọn adìẹ tí ìyẹ́ wọn kò tó nǹkan yẹn, tí ẹ óò máa rò pé ẹnì kan ti tu ìyẹ́ wọn sílẹ̀ de ọbẹ̀. Ìyá ní, "Ibíyẹmí, irú wọn ti ń tán láyé. Má jẹ́ kó tán lọ́wọ́ rẹ."

Ó kó wọn lọ sí ọgbà ìwádìí yunifásítì, kó lè mọ ohun tí yóò mú kí wọ́n máa bí sí i. Ṣùgbọ́n àgbàdo ti wọ́n gógó, owó oṣù olùkọ́ kò sì tó bọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ pé yunifásítì ní owó ìpilẹ̀ ìwádìí, owó kékeré tí wọ́n ń fún àwọn olùkọ́ wọn kí wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí àwọn olówó òkè òkun tó bá wọn dá sí i. Ó lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń pín in. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèkànmí ni alága wọn.

"Kí lo ti rí nínú ìwádìí náà?"

"Ọ̀gá, n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ni mo wá gbà."

"Háà, Dókítà! A kì í fún ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ lówó ìbẹ̀rẹ̀. Lọ bẹ̀rẹ̀ ná. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, a ó wá wò ó, a ó sì fún ọ lówó kí o lè bẹ̀rẹ̀."

Ó padà sí ilé adìẹ, ó jókòó, ó sunkún. Àwọn òpìpì yí i ká, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Adìẹ kò mọ ìgbìmọ̀.

Ó fún wọn ní èèpo ẹ̀gẹ́, wọ́n rù. Ó wó òkìtì ikán fún wọn títí ikán fi tán nínú ọgbà. Lọ́jọ́ kan, ó ń kọjá lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin, níbi tí ṣaláńgá àtijọ́ kan ti ya lulẹ̀, ó rí ìdin tó ń yí lọ yí bọ̀ nínú rẹ̀. Ó dúró. Ó wò ó. Ó mí kanlẹ̀, ó lọ wá korobá.

Láti ọjọ́ náà, ìdin ṣaláńgá ni àwọn òpìpì ń jẹ. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sá a sóòrùn, ó ń lọ̀ ọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá wọ ìpàdé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á rọra sún àga wọn sẹ́yìn. Ó ń rí wọn, ó ń gbé ìtìjú náà mì. Ṣùgbọ́n adìẹ sanra! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ìgbìmọ̀ gbọ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá fojú rí i.

Ní yunifásítì yẹn, èèwọ̀ ni kí ìgbìmọ̀ wá yẹ nǹkan wò kó padà lẹ́nu gbígbẹ. Ọ̀mọ̀wé Jáyéọlá, olórí ẹ̀ka wọn, wá owó tí yóò fi ṣe àlejò, kò rí. Ó wo ìta lójú fèrèsé, ó rí àwọn adìẹ tó sanra. Èèyàn dáadáa ni. Ó fẹ́ kí Ibíyẹmí rí owó náà gbà. Ó pe àwọn tó ń dáná.

Lákòókò yìí, Ibíyẹmí wà nínú gbọ̀ngàn, ó ń ṣàlàyé fún àwọn àlejò. "Ohun tí wọ́n ń jẹ ni àṣírí iṣẹ́ yìí. Tí a bá dé ibẹ̀, ẹ ó fojú ara yín rí i."

Òórùn ọbẹ̀ wọlé. Alága ní, "A kì í fi ebi yẹ iṣẹ́ wò. Ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

Wọ́n ń jẹ. Alága rún nǹkan kan, ó dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tu ú sọ́wọ́: òrùka pupa kékeré, irú èyí tí àwọn olùwádìí ń fi sí ẹsẹ̀ adìẹ kí wọ́n lè dá a mọ̀.

Ibíyẹmí mọ òrùka náà. Ti Ìyá Àgbà ni, adìẹ tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́.

"Ọ̀gá," ó yíjú sí Jáyéọlá, "ṣé ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀?"

"Àlejò pọ̀, Dókítà."

"Ẹyin wọn ńkọ́?"

"Ó wà nínú mọ́ínmọ́ín." Jáyéọlá rẹ ohùn sílẹ̀. "Nítorí tìẹ náà ni o."

Ó jáde lọ sí ilé adìẹ. Ó wá ìyẹ́ kan tí yóò fi ṣe ìrántí, ṣùgbọ́n mélòó ni ìyẹ́ òpìpì? Afẹ́fẹ́ ti gbé ìwọ̀nba tó wà lọ. Korobá ìdin nìkan ló kù, ó kún dẹ́múdẹ́mú, kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Nígbà tó padà, alága ní, "Dókítà, ó dùn wá. Ṣùgbọ́n òfin ni: a kò lè fún ìwádìí adìẹ lówó níbi tí kò ti sí adìẹ." Ó tún mú itan kan. "Àmọ́ ẹran yìí dùn dé eegun. Irú àgbàdo wo lo fi ń bọ́ wọn?"

"Ẹ kò fún mi lówó àgbàdo, ọ̀gá."

"Kí wá ni wọ́n ń jẹ?"

Ibíyẹmí wo itan ọwọ́ alága. Ó wo Jáyéọlá tó ń fa mùdùnmúdùn inú eegun. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi òpìpì sílẹ̀ fún un ti kọ́ ọ pé a kì í ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ àgbà lẹ́nu. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó kúnlẹ̀:

"Kí àgbàdo tó dáyé, ọ̀gá, nǹkan kan ni adìẹ ń jẹ."

Ọwọ́ alága dúró lójú ọ̀nà ẹnu. "Nǹkan kan bíi kí ni?"

"Nǹkan kan ṣáá ni, sà."

Jáyéọlá rántí òórùn tó máa ń bá Ibíyẹmí wọ ìpàdé. Ó rọra gbé eegun sílẹ̀.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ní àwọn yóò fún un lówó náà, bó bá ṣáà lè sọ pé kòkòrò oko lásán ni. Kò gba owó, kò sì sọ ohun tó jẹ́. Adìẹ wo ló kù tí yóò fi owó náà bọ́? Alága fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣì ń béèrè.

Nítorí náà, bí àgbà bá pa òwe yìí níbi tí ẹ ti ń jẹun, ẹ má ṣe bi í pé kí ni. Ẹ máa jẹun yín lọ. Kí àgbàdo tó dáyé, nǹkan kan ni adìẹ ń jẹ.