Mirzagali Ń Bá Olóògbé Kọ̀wé Lọ

Ẹjọ́ kan dé ilé Bàbá Kenjebek, olórí abúlé wa, lánàá, kí omi tíì tó hó. Ìyá Kulpash ló gbé e wá. Ojú ìyá yìí ti ń ṣú, kò lè kàwé mọ́, Mirzagali aládùúgbò rẹ̀ ló máa ń kàwé sí i létí. Ìwé tó dá wàhálà sílẹ̀ ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú Dosjan, òǹkọ̀wé tí gbogbo òkè wa fẹ́ràn. Nígbà tí Dosjan kú, èmi gan-an sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ gbà mí, ẹ̀yin àgbà! Irọ́ ni ọkùnrin yìí ń kà fún mi!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Ìyá?"

"Lánàá òde yìí, ó ka ibi tí wọ́n ti gbé orí àgùntàn síwájú Esim, ọmọkùnrin inú ìtàn náà, níbi àsè. Bàbá Esim sì jókòó tì í gbọnrangandan, láàyè, tó ń wò ó!"

Ilé dàrú. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, kí ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà láyé máa gé orí àgùntàn lójú bàbá! Bàbá Kenjebek gbé ife tíì sílẹ̀.

"Dosjan ò lè kọ irú ẹ̀ láéláé. Mirzagali, ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n olóògbé ló fà á."

"Òkú wá ń rán ọ níṣẹ́ irọ́?"

"Àárín odò ni Dosjan fi Esim àti abo ẹṣin rẹ̀ sí kó tó kú. Omi yìnyín, Bàbá! Ìwé parí síbẹ̀. Ṣé kí n wá pa ìwé dé, kí n lọ sùn, kí ọmọ ọlọ́mọ wà nínú òtútù? Mo ní kí n ṣáà fà wọ́n gòkè. Bí wọ́n ṣe gòkè, ebi ń pa wọ́n…"

"Ìwọ lebi ń pa!" ni Ìyá Kulpash kígbe. " Gbogbo àkàrà bawúrsàkì tí mo dín lo jẹ tán!"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Orazbay, tó máa ń fetí kọ́ fèrèsé wọn, ní òun mọ̀ dájú pé ẹṣin ti kú sódò.

"Kò kú," ni ìyàwó ọmọ Ìyá Kulpash dáhùn. "Ó bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Akọ ni."

"Ṣé ìwọ lo gbẹ̀bí ẹ̀?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣé ìwọ lo gbẹ́ sàréè ẹ̀?"

Bàbá dá wọn lẹ́kun, ó yíjú sí Ìyá Kulpash. "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún un?"

Ohùn ìyá rọ̀. "Ibi tí Dosjan ti dákẹ́ ni mo fẹ́ mọ̀. Mo ti kọjá níbẹ̀ láìmọ̀, n ò sì ṣàdúrà fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Àwọn àgbà forí korí, Bàbá sì dájọ́.

"Mirzagali, wàá kà á dé inú odò, wàá dúró, gbogbo wa á tẹ́wọ́ ṣàdúrà fún olóògbé. Lẹ́yìn ìyẹn, máa bá tìẹ lọ lórúkọ ara ẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gba orí àgùntàn yẹn lọ́wọ́ Esim! O ò sì gbọdọ̀ kú láìparí ìtàn náà. Tóo bá kú sáàárín, a ò ní sin ọ́."

Mirzagali di orí mú. "Bàbá, ìgbà wo wá ni kí n parí ẹ̀?"

Kí Bàbá tó lanu, Ìyá Kulpash ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ní kóo parí ẹ̀?"