Kápẹ́ẹ̀tì Pupa Tí Ààrẹ Haskell Tẹ́ Sórí Yìnyín

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì, ọdún 2015, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn jókòó sínú gbọ̀ngàn yìnyín Yunifásítì Kenwick. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dín ẹyọ kan wá wo họ́kì. Ẹni kan tó kù wá kí wọ́n lè wo òun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurlow Haskell ni ẹni náà, ààrẹ yunifásítì. Haskell, ọkọ gbohùngbohùn! Arí-kámẹ́rà-yọ-eyín! A-kí-ara-rẹ̀-kú-iṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀! Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, ó sì wà lọ́nà ilé ìtọ̀, débi pé kò sí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n tí kò ní kọ́kọ́ rí eyín ààrẹ. Wọ́n ní adìyẹ tó bá yé ẹyin kan a máa ké fún gbogbo àdúgbò gbọ́. Ti Haskell tún lé kan: orí ẹyin adìyẹ ẹlòmíràn ló ti ń ké.

Ní Kenwick, ọmọ kì í tíì pààrọ̀ eyín tán tó fi ń mọ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onírin sáré lórí yìnyín. Haskell ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, kò tíì gbé ẹsẹ̀ lé yìnyín rí. Ó ní olórí kì í ṣubú lójú ọmọlẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ síbì kan, a ó padà wá a.

Ohun tó ń fẹ́ kò fara sin. Kenwick wà nínú Líìgì Àfonífojì, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké etí odò kan náà. Bọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọ wọn fi ń lọ bá ara wọn jà lórí yìnyín ní Sátidé, tí ìjà bá sì tán, wọn a jọ jẹ ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n da ọbẹ̀ àti wàràkàṣì lé. Haskell kò fẹ́ràn òórùn ọbẹ̀ yẹn. Líìgì Àgbà ló ń fẹ́. Ilé òkúta ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ Líìgì Àgbà, ewéko fà mọ́ ògiri wọn, àwọn ààrẹ wọn a sì máa jẹun pọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Boston, pẹ̀lú káàdì orúkọ níwájú àwo olúkúlùkù. Káàdì yẹn ni kò jẹ́ kí Haskell sùn.

Ọ̀rọ̀ náà dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ti sọ fún Líìgì Àfonífojì pé Kenwick ń jáde. Líìgì Àgbà kò tíì sọ pé kó wọlé. Ó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, èkejì kò tíì gúnlẹ̀, àárín odò ló sì wà. Bí Líìgì Àgbà bá kọ̀, àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá họ́kì fún Kenwick kò ní rí ẹni bá gbá lọ́dún tó ń bọ̀. Òun kọ́ ni yóò rì. Àwọn ni.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìjà yẹn, ó pe Kóòṣì Gagnon àti Bridie Levasseur, balógun ẹgbẹ́, sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé Kenwick ń fi Líìgì Àfonífojì sílẹ̀. Ọdún kan péré ló kù fún Bridie ní yunifásítì.

"Saint-Aubin ńkọ́, sà?" ni Bridie bi í.

Saint-Aubin ni kọ́lẹ́ẹ̀jì òdìkejì odò. Láti ìgbà tí àwọn ìyá-ńlá wọn ti ń wọ síkẹ́ẹ̀tì gígùn gbá họ́kì ni àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn fà á. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ láti òdìkejì ní Kenwick, wọn á bá a gbé àga rẹ̀ lọ sí igun yàrá bí ọjọ́ ìjà bá kò.

"Saint-Aubin kẹ̀?" Haskell rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ẹni tó ń bá erin rìn kì í dúró kí ìgbín. Tó bá tilẹ̀ dúró, kì í bẹ̀rẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn á dùn ún."

"Ìgbín yẹn ló nà wá lọ́dún tó kọjá, sà."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká fi wọ́n sílẹ̀!"

Kóòṣì Gagnon gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀.

"Nǹkan kan tún kù," ni Haskell wí. "Àlejò láti Líìgì Àgbà ń bọ̀ wá wo ìjà àwa àti Saint-Aubin yìí. Mi ò fẹ́ rí ìwé ìròyìn kankan nínú gbọ̀ngàn. Ìwà ará oko ni."

Ìwé ìròyìn tó ń sọ ni àṣà tí wọ́n fẹ́ràn jù ní Kenwick. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn alátakò wọ inú yìnyín lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo èrò ìwòran a ṣí ìwé ìròyìn bo ojú, wọn a máa ka á bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ẹ ò tó ẹni à ń wò. Bí wọ́n bá pe orúkọ tó kẹ́yìn tán, wọn a ká ìwé náà kúrò, ariwo a sì sọ. Saint-Aubin náà ń ṣe é fún Kenwick bí Kenwick bá sọdá lọ bá wọn. Ẹni tí wọn kò bá ka ìwé ìròyìn sí ní etí odò yẹn, kò tíì ní ọ̀tá gidi.

Ọjọ́ pé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tú báàgì. Wọn kò tú ẹ̀wù òtútù ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ará Kenwick tàbí ará Saint-Aubin. Ní ìlú tí àwọn bàbá àgbà ti ń fi ìwé ìròyìn dí àyà nítorí òtútù, ta ni yóò bi ẹnì kan pé kí ló ń dún wẹrẹwẹrẹ láyà rẹ̀?

Wọ́n pe orúkọ àwọn ọmọ Saint-Aubin. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ìwé tó wà láyà rẹ̀. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Mọ́ńdé. Ó rú àwọn ọmọ Saint-Aubin lójú. Nígbà tí balógun wọn, Tansy Doucette, dojú kọ Bridie láàárín yìnyín, tí àwọn méjèèjì fi ọ̀pá kanlẹ̀ de róbà pẹlẹbẹ tí rẹfirí fẹ́ jù sílẹ̀, ó ní:

"Bridie, ta ló kú nílé yín?"

"Èmi àti ìwọ ni. Wọn ò tíì kéde ẹ̀ ni."

Lókè lọ́hùn-ún, Ìyáàfin Cordelia Strand, akọ̀wé àgbà Líìgì Àgbà, jókòó ti Haskell. Obìnrin àgbà ni, fìlà onírun lórí, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo rò pé ariwo máa ń pọ̀ níbí jù báyìí lọ," ló wí.

"Mo ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ilé, mà."

"Áà," ni Ìyáàfin Strand wí.

Haskell gba "Áà" yẹn bí ẹni gba oyè.

Abala kejì nínú mẹ́ta parí ní góòlù méjì sí méjì. Ẹ̀rọ tó ń mú yìnyín dán wọlé, ó ń yí po, ó ń da omi gbígbóná sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kí omi yẹn tó dì, ó máa ń dán bíi dígí, èèyàn lè rí òjìji ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Haskell rí òjìji. Ó mọ ti ta ni yóò wù ú láti rí níbẹ̀.

"Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì!" ló wí.

Kápẹ́ẹ̀tì náà pupa fòò, ó gùn láti ẹnu géètì dé àárín yìnyín. Wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ HASKELL sí orí rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ màlúù ní gígùn. Orúkọ Kenwick náà wà níbẹ̀, nísàlẹ̀, tíntín.

Kóòṣì Gagnon sáré wá. "Ààrẹ, ẹ jẹ́ kó dì ná. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni."

"Tó bá dì, kò ní dán mọ́. Ṣé ẹ ò rí kámẹ́rà ni?"

"Kì í ṣe ti kámẹ́rà, sà. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn á..."

"Kóòṣì! Bọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ lọ máa kọ́ wọn."

"Róbà ni a máa ń gbá níbí, sà," ni Gagnon wí, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

Haskell rìn gba orí kápẹ́ẹ̀tì, bàtà aláwọ tuntun lẹ́sẹ̀, ó ń kó ẹsẹ̀ jọ bí ìyàwó ọ̀sìngín. Omi ń rin sókè lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ kékeré tó wà ní ìlà iwájú mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn mọ̀ ọ́n. Wọ́n pariwo sí i pé:

"Ẹ kúrò níbẹ̀! Ó ń dì!"

Haskell gbọ́ pé wọ́n ń pariwo. Ìyẹn tó o. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tẹrí ba, ó gba gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi! Lónìí, Kenwick dàgbà. A ń jáde láàárín àwọn kékeré, a ń lọ sí Líìgì Àgbà. Ìjà òní ni ìjà ìkẹyìn pẹ̀lú Saint-Aubin. Ẹ̀yin ará òdìkejì odò, ẹ ṣeun. Ẹ wúlò fún wa bí àkàsọ̀ ṣe ń wúlò fún ẹni tó ń gòkè."

Kò sí ẹni tó hó. Kò sí ẹni tó bú u pàápàá.

Obìnrin kan ní ìlà kẹta tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ó yọ ìwé ìròyìn jáde, ó ṣí i, ó fi bo ojú. Ẹni tó tẹ̀lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìró kan gba gbọ̀ngàn kan, bí ìgbà tí agbo àdàbà bá gbọn apá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apá Kenwick bo ojú. Apá Saint-Aubin bo ojú. Kenwick àti Saint-Aubin kò tíì ka ìwé ìròyìn sí ẹnì kan náà rí láti ìgbà tí odò ti ń ṣàn láàárín wọn.

"Ẹ sọ ìwé yẹn kalẹ̀!" ni Haskell kígbe. "Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀!"

Ohùn ọkùnrin kan jáde lẹ́yìn ìwé: "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ nípa ojú ọjọ́?"

Òmíràn dá a lóhùn láti apá Saint-Aubin: "Wọ́n ní kápẹ́ẹ̀tì máa dì."

Haskell wo òkè, ó ń wá ojú kan ṣoṣo tí yóò bá a rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Strand ti yá ìwé lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ti í. Ojú-ìwé eré ìdárayá ló ń kà.

Ó yí padà kó máa lọ. Ẹsẹ̀ kò gbé. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, kápẹ́ẹ̀tì sì ti lẹ̀ mọ́ yìnyín. Ó fà, ó tún fà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ jáde láìsí bàtà. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ tẹ yìnyín, ó sì ṣubú yàà. Olórí tí kì í ṣubú lójú ọmọlẹ́yìn fi ìdí yọ̀ kọjá àárín, ó fi ìdí yọ̀ kọjá ìlà búlúù, àfi gbàm̀ lára pákó ìjókòó àwọn Saint-Aubin.

Tansy Doucette na orí jáde wò ó. "Ẹ káàbọ̀ sí Saint-Aubin, bàbá. Ẹ ò tilẹ̀ pẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣàárò wa."

Ìgbà yẹn gan-an ni ìwé ìròyìn sọ̀ kalẹ̀, tí ariwo sì sọ. Ìyáàfin Strand gbọ́ ariwo tó tìtorí rẹ̀ wá. Ó rọra sọ̀kalẹ̀ wá bá ààrẹ níbi tó jókòó sí lórí yìnyín.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ilé òkúta pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Oorun ni àwọn èèyàn ń sùn bí a bá ń gbá họ́kì. Ìjà yín pẹ̀lú Saint-Aubin la gbọ́ òkìkí rẹ̀. Tìtorí rẹ̀ la ṣe fẹ́ pè yín."

"Ó ṣì wà, mà! Ó ṣì wà!"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín lójú mi ni. Ẹ tilẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún òkú náà."

Ó so okùn fìlà rẹ̀, ó lọ.

Rẹfirí ní bí wọn kò bá rí kápẹ́ẹ̀tì kó kúrò lórí yìnyín, Kenwick pàdánù. Bridie gbé ṣọ́bìrì. Tansy àti àwọn ọmọ rẹ̀ fo pákó, wọ́n gbé tiwọn. "Mi ò lè fi irú èyí nà yín," ni Tansy wí, "wọ́n á máa fi bú mi nílé." Ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ń họ kápẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ń gé e, wọ́n ń da omi gbígbóná. Gbogbo rẹ̀ yọ, àfi ìdajì lẹ́tà H, tó wọ inú yìnyín lọ tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí abala kẹta ń lọ sópin, Bridie ta róbà sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Róbà náà kọlu wúrà Haskell, ó dúró ṣinṣin bí ẹni gbọ́ àṣẹ. Tansy gbé e, ó dá nìkan lọ, ó gbá a wọlé. Mẹ́ta sí méjì. Nínú gbogbo ọdún mẹ́rin rẹ̀, góòlù yẹn nìkan ni ohun tí Haskell fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní gbọ̀ngàn yẹn.

Líìgì Àgbà kò pe Kenwick. Kenwick ní láti bẹ Líìgì Àfonífojì kí wọ́n gbà á padà, ìbò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù ni yóò sì sọ ọ́. Saint-Aubin ló dábàá pé kí wọ́n gbà á, lórí àdéhùn kan ṣoṣo: kí Haskell má sọ̀rọ̀. Ó jókòó níbi ìpàdé ìbò náà, ẹnu ní títì, gbohùngbohùn níwájú rẹ̀, bí ajá tí wọ́n gbé egungun kọ́ lókè fún. Bridie Levasseur ló dìde.

"Ẹ gbà wá padà," ló wí. "A ní gbèsè góòlù kan láti san fún Saint-Aubin."

Wọ́n gbà wọ́n padà.

Haskell ṣì wà nípò. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà lọ́nà ilé ìtọ̀. Wọ́n ní ó ti ń wá líìgì mìíràn, àti pé wọ́n ti ń hun kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Ohun tó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nígbà àkọ́kọ́ kì í ṣe yìnyín nìkan, ìwé ìròyìn wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tí ò ń ka èyí, bí o bá ń lọ sí gbọ̀ngàn Kenwick, tàbí gbọ̀ngàn èyíkéyìí tí irú Haskell ti ń gba gbohùngbohùn, ra ìwé ìròyìn kan. Fi sí àyà. Bó bá dìde, má pariwo, má bú u. Ṣí i. Bo ojú rẹ. Kà á dé ìparí.