Alángbá Ọkọ, Aáyán Ìyàwó

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá. Àná tí mo ń wí yìí ti hu ewú o, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, àná ni. Mo ṣì ń gbọ́ ìró bàtà àwọn èèyàn lórí símẹ́ńtì gbọ̀ngàn yẹn. Mo ṣì ń rí fèrèsé tí kì í pa dé dáadáa lẹ́yìn ìtẹ́ Kábíyèsí.

Tọkọtaya ló ń bá ara wọn ṣẹjọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ni àwọn méjèèjì ní yunifásítì. Aya ń ṣe ìwádìí lórí aáyán, ọkọ ń ṣe ìwádìí lórí alángbá, ògiri kan ṣoṣo ló sì pààlà yàrá ìwádìí wọn. Ìyá Aláàyán àti Bàbá Alángbá ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Ọ̀gá yunifásítì ti ní òun ò lè dá ẹjọ́ tọkọtaya, òun náà níyàwó nílé.

“Ìyá Aláàyán, kí ló dé?” Kábíyèsí bèèrè.

“Kádé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Bàbá ọmọ mi ni mo pè lẹ́jọ́. Àwọn alángbá wọn ti jẹ gbogbo aáyán mi tán.”

Ọ̀tún, àgbà ìgbìmọ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Ẹni tí wọ́n bá bá pa aáyán, ṣebí ọpẹ́ ló yẹ kó dá?”

“Olóyè, tèmi kì í ṣe aáyán lásán. Aáyán tí oògùn kì í pa ni. Ẹ fọ́n ọn sí wọn lójú, wọ́n á kàn nu ojú ni, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Ohun tó fà á ni mò ń wá. Àwọn onígbọ̀wọ́ tó fún mi lówó ìwádìí ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wá fojú rí wọn. Bí wọ́n bá bá àpótí òfìfo, wọ́n á dá owó dúró, wọ́n á ti yàrá mi pa, gbogbo àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á sì padà sílé.”

Ẹ̀rín tán ní gbọ̀ngàn.

“Bàbá Alángbá, o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Kábíyèsí. Mi ò jẹ̀bi. Àwọn àgbà ló ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ló lanu. Ògiri ni kẹ́ ẹ pè lẹ́jọ́.”

“Kí lo wá sọ fún àwọn alángbá rẹ?”

“Mo bá wọn wí gidi gan-an. Mo ní ṣé ebi ló fà á? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.”

“Wọ́n ní?”

“Wọ́n mi orí, Kábíyèsí.”

“Kí ló dé tí ebi fi ń pa wọ́n?”

“Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé tọrọ owó ìwádìí, wọn ò fún mi rí. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú àbájáde wá, kí wọ́n tó fún mi lówó tí màá fi wá àbájáde.”

Ọ̀tún dìde. “Ìyẹn ni pé kéèyàn kọ́kọ́ yó, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ fún un?”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Olóyè.”

“Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn tó ti yó.” Bàbá Alángbá wá nàró dáadáa. “Àbájáde sì ti dé wàyí! Aáyán tí oògùn ò pa, alángbá mi jẹ ẹ́, alángbá ò kú. Ta ló rí irú ẹ̀ rí? Ó yẹ kí ìyàwó mi bá mi yọ̀ ni. Aáyán rẹ̀ ò sọnù, wọ́n kàn kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn ni.”

“Wọ́n kó lọ sí ikùn!” aya rẹ̀ ké.

Wọ́n pe ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé náà.

“Kábíyèsí, ojú mi báyìí ló ṣe. Aáyán kan ò ṣẹ́ kù. Àwọn alángbá yó débi pé wọn ò lè mi orí mọ́.”

“Ibo lo wà?”

“Mo wà níbẹ̀ digbí. Mo dijú ni.”

“O dijú?”

“Mo fún ojú nísinmi, Kábíyèsí. Etí ló ń ṣọ́ ilé.”

Ìyá alásè ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò dúró kí wọ́n pe òun. “Irọ́ ni! Kò ṣẹ́ kù kẹ̀? Wọ́n kún ilé ìdáná mi! Mo fọ́n oògùn títí èmi fúnra mi fi ń wúkọ́, wọn ò kú. Ọ̀kan dúró lórí ìdérí ìkòkò, ó ń wò mí bí ẹni ń bèèrè bóyá oúnjẹ ti jinná.”

Ìyá Aláàyán fò sókè. “Wọn ò kú? Tèmi tó sá lọ ni! Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá alásè, ẹ má fọ́n nǹkan kan sí wọn mọ́!”

“Ta ni yóò wá jẹ oúnjẹ mi?”

Kábíyèsí gbọ́wọ́ sókè. “Ọ̀rọ̀ ògiri ló kù. Ihò yẹn, ṣé ó ṣí sílẹ̀ ni?”

“Rárá, Kábíyèsí,” aya dáhùn. “Síńgílẹ́ẹ̀tì wọn àtijọ́ ni mo fi dí i, èyí tó ya lọ́rùn tí mo fi òwú pupa rán.”

“Bàbá Alángbá, tú bọ́tìnì rẹ.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wolẹ̀. Ó tú bọ́tìnì òkè. Òwú pupa yọ.

“Òtútù ló mú mi, Kábíyèsí.”

“Òtútù mú ọ, ògiri wá lanu!” Ọ̀tún ní.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ohùn ọkùnrin náà ti yí padà. “Ebi ń pa wọ́n, Kábíyèsí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń mi orí sí mi, mi ò sì ní nǹkan tí mo lè fún wọn. Mo ń gbọ́ ìró aáyán lẹ́yìn ògiri. Ojú mi ò gbà á mọ́.”

“Nígbà tó o bá ń kọ̀wé tọrọ owó, kí lo máa ń kọ?”

“Bí mo ṣe gbọ́n tó ni.”

“Ìyá Aláàyán ńkọ́?”

“Èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni.”

“Alángbá tó já láti orí ìrókò, tó ní bẹ́nikẹ́ni ò yin òun, òun á yin ara òun! Gbogbo ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, orí ìrókò lẹ ti já. Bàbá Alángbá, yin ìyàwó rẹ kí n gbọ́, bí ẹni ń bá a tọrọ owó.”

Ó wúkọ́. “Obìnrin yìí… aáyán ló máa ń kí láàárọ̀ kó tó kí mi.” A rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n bó bá rí ohun tó ń wá, oúnjẹ ilé mẹ̀kúnnù á bọ́ lẹ́nu kòkòrò. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí tó o. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó yọ síńgílẹ́ẹ̀tì.”

“Ìyá Aláàyán, ó kàn ọ́.”

Aya ò wojú ẹnikẹ́ni. “Ẹyin tí wọ́n máa ń jẹ láàárọ̀, alángbá ni wọ́n ń gbé e fún. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se méjì.”

Fèrèsé ẹ̀yìn ìtẹ́ dún, Kábíyèsí na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tì í.

“Ẹ gbọ́ ìdájọ́,” Kábíyèsí ní. “Bàbá Alángbá, o jẹ̀bi. Lórí ìkúnlẹ̀ ni wàá wà nínú ilé ìdáná Ìyá alásè, ọwọ́ ni wàá fi mú aáyán láàyè, títí àpótí ìyàwó rẹ yóò fi kún kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Èyí tó bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, ìwọ fúnra rẹ ni wàá túfọ̀ rẹ̀ fún ìyá wọn. Ọlọ́dẹ á bá ọ gbé àpótí, kó la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn á sì padà sínú ihò lónìí.”

“Òtútù ńkọ́, Kábíyèsí?”

“Kó mú ọ.”

Àpótí náà kún kí ọjọ́ Ẹtì tó pé o, àwọn onígbọ̀wọ́ dé, wọ́n rí i, wọ́n sì lọ tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ní orúnkún ọ̀jọ̀gbọ́n ò bọ̀ sípò fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí, ọkùnrin náà ò tíì fẹ́ kúrò níwájú ìtẹ́.

“Àwọn alángbá mi ńkọ́, Kábíyèsí? Ebi á tún pa wọ́n.”

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, nǹkan kan sáré jáde lábẹ́ ìtẹ́, ó gba iwájú ìgbìmọ̀ kọjá, ó wọ abẹ́ aṣọ títa. Gbogbo wa rí i.

“Ààfin ò lówó,” Kábíyèsí ní jẹ́jẹ́. “Ṣùgbọ́n ààfin ní aáyán. Kó wọn wá síbí. Owó ìwádìí rẹ nìyẹn.”

Bàbá Alángbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ ṣeun, Kábíyèsí! Lọ́la gan-an ni màá kó wọn dé!”

“Lọ́la kẹ̀? Kọ́kọ́ kọ̀wé tọrọ rẹ̀ ná. Ìyàwó rẹ ni yóò sì bá ọ kọ ọ́.”

Ọ̀tún tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe. “Kó má sì gbàgbé àbájáde o,” ó ní. “A ò lè ṣàdédé máa fún èèyàn láàyán.”