Èdè Tó Ń Béèrè Bí Ìyá Ọkọ

Ní ìlú Daejeon, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta bàtà, Ma Deoksu àti Pyo Harin ló ń bójú tó ojú ìwé ayélujára tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ta kábéèjì tí wọ́n ti fi iyọ̀ rẹ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Deoksu ti wà nídìí iṣẹ́ náà, Harin kò ju ọdún méjì lọ. Oṣù kọkànlá ti wọlé, gbogbo ilé ló fẹ́ ṣe kimchi, kábéèjì oníyọ̀ àti ata tí wọ́n ń tọ́jú jẹ nígbà òtútù, ọjọ́ Ajé sì ni títà yóò bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Harin wá sọ pé òun ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ èdè kọ̀ǹpútà tuntun kan, òun sì ti fi í tún ojú ìwé náà kọ látòkèdélẹ̀.

Deoksu gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé bàbá òun.

"Irú èdè wo nìyẹn?"

"Iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó gbé nǹkan fún iṣẹ́ kan, yóò ṣe é tán, yóò fà á lé iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Látorí iṣẹ́ dórí iṣẹ́."

"Ìṣẹ́ ni kí o wí. Ẹni tó fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ èdè tí ẹnikẹ́ni ò sọ, ìṣẹ́ ló ń kọ́."

"Wọ́n ń sọ ọ́."

"Èèyàn mélòó?"

Harin ronú díẹ̀. "Wọ́n ń pọ̀ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni irun inú etí mi."

Harin kò bínú. Ó ṣàlàyé pé nínú èdè yìí, ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ kò ṣeé yí padà mọ́. Deoksu ní kí ni ẹni tó béèrè kábéèjì mẹ́wàá tó wá fẹ́ ogún yóò ṣe.

"A ó fi mẹ́wàá sílẹ̀ bó ṣe wà, a ó ṣe ogún mìíràn."

"Ó wá di ọgbọ̀n."

"Rárá o. Mẹ́wàá àkọ́kọ́, a ó dà á nù."

"Kábéèjì tí àgbẹ̀ fi oṣù mẹ́ta gbìn?"

"Nọ́ńbà ni, ẹ̀gbọ́n."

Deoksu sọ fún un pé òun ti ń kọ ojú ìwé ayélujára nígbà tí ìyá Harin ṣì ń fi omi ṣan ata kúrò lára kimchi kó tó fún ọmọ rẹ̀ jẹ. Ó lé e dìde, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní ibi tí oníbàárà yóò ti mú ọjọ́ tó fẹ́ gba ẹrù ni òun fẹ́ fi kún un, kí Harin lè fojú ara rẹ̀ rí i pé èdè náà ò wúlò. Ó kọ ìlà mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́. Èdè náà kọ̀.

"Kí ló ń wí?"

"Ó ní bí oníbàárà ò bá mú ọjọ́ kankan ńkọ́?"

"Ta ló ń ra kábéèjì tí kò ní mú ọjọ́?" Síbẹ̀ ó kọ èsì sí i. Èdè náà tún kọ̀: bí ohun tí oníbàárà kọ kì í bá ṣe ọjọ́ ńkọ́? Ó dáhùn ìyẹn. Bí ilé ìkẹ́rùsí àwọn àgbẹ̀ ò bá fèsì ńkọ́?

"Ìyá ọkọ ni èdè yìí," ni Deoksu wí. "Mi ò tíì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń béèrè ibi tí mo fi iyọ̀ sí."

Ìgbà mọ́kànlá ló kọ̀ fún un kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò jẹ́ kí Harin ran òun lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì ló fi jẹ gimbap, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun ká, tí Harin rà wá, ọwọ́ ọ̀tún ò kúrò lórí ẹ̀rọ. Kò sì jẹ́wọ́ ohun tó ń gún un nínú: oníbàárà kan tí kò mú ọjọ́ gan-an ló mú kí ojú ìwé tòun wó lọ́dún tó kọjá, tí kò ṣí fún ẹnikẹ́ni mọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, òun sì ti sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé iná mànàmáná ló fà á.

Nígbà tó yá, èdè náà gbà. Deoksu bẹ̀rẹ̀ sí í fìtínà rẹ̀. Ó fi ibi àdírẹ́sì sílẹ̀ lófìfo. Ó kọ "bóyá lọ́la" síbi ọjọ́. Ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejìdínlógún léraléra. Ojú ìwé náà kàn ń fi sùúrù sọ ohun tó kù fún un láti ṣe.

Ó fẹ̀yìn ti àga. "Èdè burúkú."

"Kí ló ṣe?"

"Kò wó."

Ó ti ẹ̀rọ náà sẹ́yìn díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Lọ́dọọdún, bó bá ti di oṣù yìí, fóònù mi kì í sinmi. Kódà wọ́n pè mí níbi ìsìnkú. Èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde. Bí eléyìí ò bá wó mọ́, ta ni yóò máa pè mí?"

Harin na fóònù Deoksu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kọfí sí i.

"Ìyàwó yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pè látàárọ̀."