Ta Ló Fo Bàbá Ògúntóyìn Jù?

Lánàá ni ẹjọ́ kan wọ ààfin Olójà, ẹjọ́ tí a kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti Odò-Orò títí dé Òkè-Àkó. Bàbá Ògúntóyìn ló pe ẹjọ́. Ìdùnnú, ọmọ ìlú tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, ni wọ́n pè lẹ́jọ́.

Ìdùnnú ti kúnlẹ̀ láti àárọ̀, orúnkún ń dùn ún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù orí fóònù ló ń kọ́ ní yunifásítì. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò gbé géèmù tirẹ̀, tí àwọn èèyàn ti ń ṣe lórí fóònù káàkiri, síwájú àwọn olùkọ́, òun ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá ó yege. Bí Olójà bá ní kí ó pa á rẹ́, ọdún kan gbáko ti wọmi nìyẹn.

"Ògúntóyìn, kí ni ọmọ yìí fi ṣe ọ́?" Olójà bi í.

Bàbá Ògúntóyìn dìde. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn kò tètè mọ̀ pé ó ti dìde.

"Kábíyèsí, ó ní kí gbogbo ayé máa fò mí!"

"Kí wọ́n máa fò ọ́ báwo?"

"Bí wọ́n ṣe ń fo gọ́tà! Mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn níwájú ulé mi, mò ń bó ẹ̀gẹ́ mi jẹ́jẹ́, wọ́n ń gba orí mi kọjá!"

"Inú fóònù ni, Kábíyèsí," ni Ìdùnnú sọ.

"A ò tíì bi ọ́," ni Olóyè Mákindé wí láti òkè. Kò sí ẹni tó ga tó o nínú ìgbìmọ̀.

"Ó yá, mo bi ọ́," ni Olójà wí. "Irú eré wo ni?"

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọmọbìnrin kan ni ìyá rẹ̀ gbé abọ́ ata lé lórí, ó ní kó sáré gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta kí ẹlẹ́rọ tó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ ló ń darí ọmọ náà. Á fo ajá, á fo gọ́tà, á fo..."

"Parí ẹ̀."

"Á fo Bàbá."

Bàbá Ògúntóyìn yí sí àwọn ìjòyè. "Ẹ jọ̀ọ́, ní ùlú yìí, bí a bá fo ọmọ tó jókòó sílẹ̀, kí la máa ń ṣe?"

"A máa ń padà fò ó," ni gbogbo wọn dáhùn.

"Bí a ò bá padà ńkọ́?"

"Kò ní ga mọ́."

"Ẹ ṣeun! Wọ́n ń fò mí ní Ìkọ̀lé, wọ́n ń fò mí ní Ọ̀yẹ́, wọ́n ń fò mí ní Ìdó, ẹnìkan ò padà! Ẹ wo agbádá tí mo rán ní ọdún Kérésì. Ó ti ń gbá ulẹ̀! Mò ń kúrú, Kábíyèsí. Ẹ jẹ́ kó pa géèmù yẹn rẹ́, kí n tó di ẹni tí wọ́n ń fi abọ́ dé mọ́lẹ̀!"

Olójà wo agbádá náà. Lóòótọ́, ó ń gbálẹ̀.

"Ìdùnnú, nínú gbogbo ìlú, èé ṣe tó fi jẹ́ Ògúntóyìn lo mú?"

"Kábíyèsí, mi ò mú Bàbá. Ewúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ yà síbẹ̀."

Olójà wo Bàbá Ògúntóyìn láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ewúrẹ́ wá di Ògúntóyìn báwo?"

"Ewúrẹ́ náà kò mọ̀ ọ́n jókòó. Mo wá yọ ìrù rẹ̀, mo fi fìlà dé e. Nígbà tí mo wò ó, mo rí i pé Bàbá ni."

"Ẹ gbọ́ o! Ìrù nìkan ló yọ!"

"Mo yọ ìwo náà, Bàbá."

"Irùngbọ̀n ńkọ́?" Olóyè Mákindé bèèrè.

"Ìyẹn ni mo fi sílẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Ìdùnnú mọ̀ pé òun ti ba ọ̀rọ̀ ara òun jẹ́. Ó sáré tún un ṣe: "Kábíyèsí, bí mo bá fi Olóyè Mákindé síbẹ̀, ta ló lè fò wọ́n? Ata á bàjẹ́ lójú ọ̀nà."

Olóyè Mákindé na ọrùn. Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Mo ní ẹlẹ́rìí!" ni Bàbá Ògúntóyìn pariwo. "Olúdáre, dìde! Ìwọ lo rán agbádá yìí. Ṣé ó ń gbá ulẹ̀ lọ́jọ́ tí o wọ̀n mí?"

Olúdáre télọ̀ dìde. "Rárá, Bàbá. Ó ṣe rẹ́gí."

"Ẹ ò gbọ́?"

"Ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àpótí tí ẹ gùn."

"Àpótí wo?" ni Olójà bèèrè.

"Orí àpótí ni Bàbá dúró sí lọ́jọ́ náà, Kábíyèsí. Wọ́n ní kí n wọn àwọn láti èjìká kan ilẹ̀."

"Ulẹ̀ tutù ni!" Bàbá Ògúntóyìn fi ọwọ́ gbá a dànù. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ pe Victoria, ìyàwó mi. Ojú rẹ̀ ni mo ṣe ń kúrú."

Victoria kúnlẹ̀. "Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Ọkọ mi kúrú."

"Láti ìgbà wo?"

"Bí mo ṣe bá wọn nìyẹn."

"Victoria!"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, bàbá ọmọ mi. Kábíyèsí, wọ́n ń fò wọ́n, mi ò purọ́. Ẹnìkan tiẹ̀ wà tí kì í sinmi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ti gba fóònù mi, yóò máa fò wọ́n títí bátìrì á fi kú. Mi ò rí fóònù pe ọmọ mi mọ́."

Olójà fi ọwọ́ lu àga. "Ta ni olúwarẹ̀? Kí wọ́n lọ mú un wá!"

"Ó wà níbí."

"Ta ni?"

Victoria fi ẹnu júwe. "Àwọn náà ni."

Ojú gbogbo ààfin yí sí Bàbá Ògúntóyìn. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe rí lára wọn ni."

"O fo ara rẹ?"

"Kábíyèsí, èèyàn ò lè dé ibi ẹ̀rọ ata láìfò mí!"

"O dé ibi ẹ̀rọ ata?" Olójà sún síwájú lórí àga. "Báwo lo ṣe kọjá gọ́tà tó tẹ̀lé igi ọsàn yẹn? Èmi ṣáà ń—" Ó wúkọ́. "Wọ́n ní gọ́tà ọ̀hún le."

Àwọn ìjòyè gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà.

Olójà tètè yíjú sí Ìdùnnú. "Bí ọmọ náà bá dé ibi ẹ̀rọ, kí ló kàn?"

"Ó tán, Kábíyèsí."

"Ata ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ̀ ọ́."

"Ta ló gbé e relé?"

Ìdùnnú họ orí. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé eré náà dùn, ṣùgbọ́n ó já lójijì bí okùn ẹlẹ́gẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ibi tó ti já, kò rí i.

"Kò sẹ́ni tó gbé e relé, Kábíyèsí."

"Ìyá ọmọ ti gbé epo kaná, ó ń wọ̀nà, ìwọ ní ó tán! Ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò padà wálé, ṣé iṣẹ́ ló jẹ́ àbí ó sá lọ?"

Olójà na ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa géèmù yìí rẹ́. Ìdùnnú, ọmọ tó gbé ata lọ gbọ́dọ̀ gbé e bọ̀. Gbogbo ẹni tó fò ní àlọ ni yóò padà fò ní àbọ̀, ata lílọ̀ kò sì gbọdọ̀ dànù. Ẹni tí kò bá padà fo Ògúntóyìn, ebi ni kó sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ya ewúrẹ́ yẹn padà sí ẹ̀gbẹ́ Ògúntóyìn, kí òun náà má bàa gbé ẹjọ́ wá bá mi."

"Kábíyèsí o!"

"Ìwọ Ògúntóyìn, ìwọ lo fo ara rẹ jù ní gbogbo ìlú yìí. Lọ́jọ́ Ajé, wàá tẹ̀lé ọmọ yìí lọ sí yunifásítì, níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni wàá ti padà fo ara rẹ. Bí ata bá dànù, ìwọ lo máa lọ ata ààfin títí di Kérésì, lórí ọlọ!"

"Kábíyèsí, gọ́tà tó le yẹn ńkọ́? Ṣé kí n fi sílẹ̀?" Ìdùnnú rọra bèèrè.

Olójà ronú púpọ̀. "Dín in kù díẹ̀."

Nígbà tí ẹjọ́ tú ká, Ìdùnnú ń sáré lọ sílé. Gbogbo ọ̀nà àbọ̀ náà ti wà lójú rẹ̀: ọmọ náà ń rìn jẹ́jẹ́, abọ́ ata lórí, àwọn ajá tó fò ní àlọ ń dúró dè é. Ní ẹnu ọ̀nà ààfin, Bàbá Ògúntóyìn pè é. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé etí agbádá rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá.

"Ìdùnnú ọmọ mi. Ṣé wọ́n á padà fò mí lóòótọ́?"

"Gbogbo wọn, Bàbá."

"Àwọn tó wà ní Ìdó náà?"

"Títí kan Kábíyèsí."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ju agbádá náà sílẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan lọ.

"Ó dà bíi pé kò gbá ulẹ̀ mọ́ báyìí," ló wí.

Agbádá náà ń gbálẹ̀ bí ọwọ̀. Ìdùnnú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá etí aṣọ náà mú lẹ́yìn kí Bàbá má bàa mọ̀, ó sì ń tẹ̀lé e lọ.